Kí ló dé tí GP7 fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ F7?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 1949 ni EMD, ẹ̀ka General Motors tó ń ṣe orí ọkọ̀ ojú irin, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe F7 àti GP7, irú orí ọkọ̀ ojú irin méjì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 567B onísílíńdà 16 ló wà nínú àwọn méjèèjì, agbára ẹṣin 1,500 sì ni tọ̀tún-tòsì. Kí ló wá mú kí àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè yà sọ́dọ̀ GP7?

Èsì: Ara ọkọ̀ ni ìdí rẹ̀. Ara F7 gba gbogbo fífẹ̀ ọkọ̀, nítorí náà awakọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀yìn bó bá ń ti wágúnnù sẹ́yìn. Ti GP7 tẹ́ẹ́rẹ́, awakọ̀ ń ríran síwá sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ sì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níta, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹ́ńjìnnì. F7 lẹ́wà jù ú lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni wọ́n fi ń to wágúnnù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. GP9 ńkọ́?

Èsì mìíràn: Ọdún 1954 ló dé, pẹ̀lú agbára ẹṣin 1,750 àti ẹ́ńjìnnì 567C. Nínú 567B, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára lè jò wọ inú ọ́ìlì nígbà tí rọ́bà tó dí i bá gbó. Nínú 567C, páìpù kékeré ló ń gbé omi lọ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, jíjò náà sì dínkù. Bákan náà ni ìyókù: ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, iná rẹ̀ sì ń yí mọ́tò mẹ́rin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.