Bí orí yìnyín òkè bá ti yọ́, ṣé a ṣì lè mọ iye ọdún tó wà nínú rẹ̀?

Fọláṣadé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń kà nípa ọ̀pá yìnyín tí wọ́n gbẹ́ jáde lórí òkè Kilimanjaro lọ́dún 2000, tí wọ́n fi ń sọ bí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe rí níbẹ̀ láti nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé láti òkè ni wọ́n ti ń ka ìpele yìnyín wá sísàlẹ̀, tí ìpele òkè sì ti yọ́ dànù, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò? Omi tó yọ́ yẹn ńkọ́, ṣé kì í ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́?

Akínwálé:
Ti Kilimanjaro kì í ṣe kíkà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá mẹ́fà ni ikọ̀ Lonnie Thompson, onímọ̀ nípa yìnyín láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, gbẹ́. Èyí tó gùn jù tó nǹkan bíi mítà 51. Wọ́n wo bí ọ́ksíjìn-18 (oríṣi ọ́ksíjìn tó wúwo díẹ̀) ṣe ń lọ sókè sódò nínú yìnyín náà, wọ́n sì fi wé ti òkúta inú ihò Soreq ní Ísírẹ́lì, èyí tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìfiwéra ni, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi ń jiyàn lórí 11,700 yẹn. Orí yìnyín òkè Quelccaya ní Peru ni kíkà ti rọrùn: ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún ló ń fi ìlà eruku sílẹ̀.

Tí orí bá ti lọ, àmì bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n ń wá: tritium (oríṣi háídírójìn kan tó ń tú ìtànṣán) tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú òjò ní 1963, àti chlorine-36 (oríṣi klóríìnì tó ń tú ìtànṣán) láti ìdánwò bọ́ǹbù inú òkun Pàsífíìkì láàárín àwọn ọdún 1950. Ibi tí ẹ bá ti rí i lẹ ó so ọdún mọ́. Lórí òkè Naimona'nyi, ní Tibet, ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ní 2006 kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyẹn ni pé yìnyín tí wọ́n dúró lé ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn bọ́ǹbù yẹn.

Morẹ́nikẹ́:
Omi yẹn gan-an ni ìṣòro, Fọláṣadé. Kí yìnyín tó tán lórí òkè, ohun tó wà ní àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣàn lọ. Ẹ wo òkè Grand Combin ní Switzerland. Ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ní 2018 ṣì fi hàn bí sọ́féètì (èròjà tó máa ń wá látinú èéfín) àti àwọn èròjà mìíràn ṣe ń pọ̀ tó ń dín kù látìgbà dé ìgbà. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2020, omi ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ọdún méjì péré! Ó dùn mí gan-an, torí kò sí bí a ṣe lè rí i gbà padà.

Gbogbo èròjà kọ́ ló ń lọ bákan náà. Ẹ̀bá hóró yìnyín ni sọ́féètì àti kálísíọ̀mù sábà máa ń wà, nítorí náà omi tètè ń gbé wọn. Ammonium (èròjà kan tó ní náítírójìn nínú) máa ń wọ inú hóró, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Bí sọ́féètì bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ má sọ pé afẹ́fẹ́ ọdún náà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀pá náà síwájú ìmọ́lẹ̀: ibi tó bá mọ́ gaara láìní ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ti yọ́ rí, ó sì tún dì. Ẹ kọ jíjìn rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ sílẹ̀ kí ayùn tó kàn án.

Káyọ̀dé:
Fún nǹkan bí 150 ọdún tó gbẹ̀yìn, òjé-210 (oríṣi òjé tó ń tú ìtànṣán, tó sì ń dín kù fúnra rẹ̀) ló dára fún mímọ ọjọ́ orí, torí ọdún 22 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kábọ́ọ̀nù-14 (oríṣi kábọ́ọ̀nù tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún) inú eruku àti èéfín tó bọ́ sórí yìnyín ló kù. Nínú yàrá òtútù −20 °C, ẹ fi ayùn gé ara òde ọ̀pá dànù, torí ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti kàn án. Ẹ fi omi tó mọ́ jù lọ ṣan èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ sì sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ quartz (òkúta tó dà bíi gíláàsì) tí wọ́n ti yan ní 800 °C. Ẹ fi ásíìdì díẹ̀ sí i, torí eruku aṣálẹ̀ Sahara tó ń dé orí òkè Alps ní ẹfun nínú, ẹfun yẹn á sì sọ yìnyín di arúgbó ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, 340 °C nínú ọ́ksíjìn ni kí ẹ fi jó o.

Máíkírógíráàmù kábọ́ọ̀nù mẹ́wàá péré lẹ nílò, ìyẹn ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíráàmù yìnyín. Nítorí pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ìsinsìnyí fi tètè ń sọ yìnyín di ọmọdé. Ẹ máa fi omi mímọ́ tí ẹ dì fúnra yín gba ọ̀nà kan náà, kí ẹ lè yọ ìdọ̀tí náà kúrò nínú ìṣirò. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí i pé ìsàlẹ̀ yìnyín orí òkè Weißseespitze ní Austria, tí kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, tó bí 6,000 ọdún.

Fọláṣadé:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí omi bá wà nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ sínú yìnyín ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ṣì lè gbẹ́ ẹ?

Morẹ́nikẹ́:
Ó ṣòro. Tí ẹ̀rọ alábẹ bá kan omi, ẹ̀rúnrún yìnyín tó gé á rin, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tó bá sì tún kan ibi tó tutù, á dì, á sì há ẹ̀rọ mọ́ inú ihò. Ẹ máa gbé e jáde léraléra, kí ẹ nu ún gbẹ. Ẹ fi òru ṣiṣẹ́ nígbà tí òtútù mú. Tí yìnyín náà bá ti wà ní 0 °C látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ooru yọ́ ọ̀nà fún ara rẹ̀ ni kí ẹ lò.