8 TB láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì: ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ló kù!

AyàwòránÀná:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo ti ń kó iṣẹ́ mi sí láti ọdún 2013. Nǹkan bíi 6 TB (1 TB jẹ́ mílíọ̀nù MB kan) nínú rẹ̀ jẹ́ fídíò ayẹyẹ tí mo yà fún àwọn oníbàárà. 2 TB tó kù jẹ́ àwòrán, fáìlì bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, torí ètò tí mo fi ń to àwòrán máa ń gé ẹ̀dà kéékèèké fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láì bi mí léèrè.

Ọ̀kan nínú díìsìkì mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ti ń pariwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òtútù mú, ni mo bá ra kọ̀ǹpútà tuntun. Linux ló wà lórí méjèèjì. Mo fi wáyà so wọ́n mọ́ router kan náà, mo ṣí fódà tuntun lórí nẹ́tíwọ̀kì, mo fi mouse wọ́ gbogbo ẹrù náà sọ́hùn-ún. 11 MB ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gòkè, kò sọ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Mo ní kò burú, mo ní sùúrù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sùn lọ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ já, n ò sì mọ èyí tó ti dé ọ̀hún àti èyí tí kò tíì dé. Mo pa á tì, èmi náà lọ sùn.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé kí n yọ díìsìkì kí n tì í bọ inú tuntun: RAID ni wọ́n (díìsìkì tí wọ́n so pọ̀ kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan), káàdì tó ń darí wọn ò sì bá ẹ̀rọ tuntun mu. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló yá jù?

Bàbá Wáyà:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. 11 MB tó o kọ yẹn ti jẹ́wọ́ tán.

Bit ni wọ́n fi ń ka eré wáyà, byte la fi ń ka fáìlì, bit 8 ló sì wà nínú byte kan. Pín 100 megabit sí 8, wàá rí 12.5 MB. Yọ owó oníbodè tí nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ ń gbà kúrò, ó ku 11 ó lé díẹ̀. Díìsìkì tó ń ṣàìsàn kì í sáré báyìí, ségesège ló máa ń ṣe: 90, 4, 60, 0. Èyí tó bá dúró lójú kan bí ọ̀pá, wáyà ni kó o fura sí. Gigabit (1,000 megabit) ló yẹ kí ẹ̀rọ méjèèjì yẹn máa sọ láàárín ara wọn. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tẹ:

`ethtool enp3s0 | grep Speed`

(Fi orúkọ ihò nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀rọ tìẹ rọ́pò enp3s0, `ip link` á sọ ọ́ fún ẹ.) Bó bá dáhùn pé 100Mb/s, wáyà ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gbogbo okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú wáyà ni gigabit ń lò, 100 megabit ò lò ju mẹ́rin lọ. Tí ọ̀kan bá já nínú mẹ́rin yòókù, àwọn ẹ̀rọ náà á rọra fẹnu kò sí 100, wọn ò ní sọ fún ẹ. Odidi ọdún kan lèmi fi lo irú ẹ̀ rí, ẹsẹ̀ àga mi ló ń tẹ wáyà mọ́lẹ̀, mo sì ń bú díìsìkì aláìṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi iperf3 wọn ọ̀nà náà láìfi díìsìkì kún un: `iperf3 -s` níbì kan, `iperf3 -c` àti àdírẹ́sì rẹ̀ níbì kejì. Gigabit tó gún máa ń fún èèyàn ní bíi 940 megabit.

Kékeré_Yára:

Ẹ kàn zip ẹ̀ (ẹ fún un pọ̀) jàre. Ẹ ó rí i pé ó máa dín kù sí ìdajì kó tó kúrò níbẹ̀.

Ìyáàbejì_root:

Ọmọ mi, má ṣe é léṣe. Fídíò àti JPEG ti fún pọ̀ láti ibi tí wọ́n ti bí wọn. Tó o bá tún fún wọn, kọ̀ǹpútà á kàn máa gbóná lásán ni. Ìwé, log, àkójọ dátàbéèsì, ìyẹn ló ń dín kù dáadáa (zstd ni mo máa ń lò fún wọn). Ẹ tún wò ó: ibo ló máa kó zip 8 TB sí, orí díìsìkì tó ń sunkún?

AyàwòránÀná, òótọ́ ni Bàbá Wáyà sọ, àmọ́ wáyà nìkan kọ́. Tó o bá tún un ṣe tán, fídíò á sáré, àwòrán ò ní sáré. Gbogbo ìgbà tí fáìlì kan bá fẹ́ kọjá nínú fódà orí nẹ́tíwọ̀kì, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì á kọ́kọ́ kí ara wọn: ṣé kí n ṣí i, ó ti ṣí, ṣé kí n kọ ọ́, kọ ọ́, ṣé kí n pa á dé, pa á dé. Ká ní ìkíni yẹn gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá péré. Lọ́nà mílíọ̀nù mẹ́rin, 40,000 ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, wákàtí mọ́kànlá tí wọ́n fi kí ara wọn lásán, dátà kan ò tíì kọjá.

Torí náà má kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi tar dì wọ́n bí odò kan ṣoṣo, kó máa ṣàn wọ ọ̀hún bó ṣe ń dì í. Kò sí fáìlì ńlá kankan tó máa dúró sáàárín:

`tar -cf - -C /data aworan | ssh tuntun 'tar -xf - -C /data'`

Fídíò ni kó o fi rsync (ètò tó ń kó fáìlì, tó sì ń fi ohun tó wà níbì méjèèjì wéra) kó:

`systemd-inhibit rsync -a --partial --info=progress2 /data/fidio/ tuntun:/data/fidio/`

systemd-inhibit ni kò ní jẹ́ kó sùn mọ́. --partial ni pé tó bá já láàárín fáìlì, èyí tó ti dé ò ní ṣòfò. Ṣọ́ra fún àmì / tó kẹ́yìn `/data/fidio/` àkọ́kọ́ o! Tó o bá gbàgbé ẹ̀, fidio á wọ inú fidio, wàá sì máa wá a kiri.

Tí gbogbo ẹ̀ bá parí, fi rsync kan náà tọ ipasẹ̀ tar. Ohun tí ìwọ̀n àti àkókò rẹ̀ bá bára mu, á fò ó. Ohun tó ṣẹ́kù ló máa kó. Ibẹ̀ gan-an ni rsync ti wúlò jù. Nígbà àkọ́kọ́, kò yá ju àwọn yòókù lọ, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń pè é ní oògùn.

Níwọ̀n ìgbà tí díìsìkì yẹn sì ti ń pariwo, èyí tí o ò lè tún yà mọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹlẹ́sẹ̀Kan:

Èmi ò bá wáyà jà, díìsìkì ni mo máa ń gbé rìn. Àwọn tó ya àwòrán ihò dúdú inú àgbájọ ìràwọ̀ M87, ìyẹn ẹgbẹ́ Event Horizon Telescope, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní 2017: dátà tó tó nǹkan bíi petabyte 5 (5,000 TB), ọkọ̀ òfuurufú ló gbé díìsìkì lọ sí ilé ìwádìí Haystack ní Amẹ́ríkà àti Bonn ní Jámánì. Àwọn ti South Pole tilẹ̀ ní láti dúró kí ìgbà òtútù kọjá kí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé wọn. Lórí gigabit kan, ẹrù yẹn á ju ọdún kan lọ.

Tó o bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, rí i pé ihò USB àtijọ́ rẹ kì í ṣe USB 2.0, ìyẹn ò ní ju bíi 40 MB lọ. Má sì lo FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí díìsìkì), kò gba fáìlì tó ju 4 GB lọ.

AyàwòránÀná:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin òbí mi. Àbọ̀ rèé.

Speed: 100Mb/s ló kọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Inú páálí router kan ni mo ti rí wáyà ọ̀hún. Mo gbé orí rẹ̀ súnmọ́ iná, mo kà á: okùn mẹ́rin péré! Kò já rárá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mo pààrọ̀ ẹ̀, iperf3 fún mi ní 938.

Fídíò gba wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwòrán gba wákàtí mẹ́sàn-án ó lé, eré rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmọ́ ó dé. Màmá, nígbà tí mo fi rsync tọ ipasẹ̀ rẹ̀, fáìlì 17 ló rí tó yàtọ̀. Àwọn tí mo ń tún ṣe nígbà tí tar ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni, ẹ má bá mi wí.

Mo ti gé wáyà yẹn sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó nílé yìí.