Wákàtí mélòó gan-an ni Èkó sí Atlanta?

Ọmọ Tákìé: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Atlanta, màámi ń lọ bá wọn wẹ ọmọ lóṣù keje, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n wà, wọn ò wọ bàálù rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ti dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni bàálù máa gbéra l'Ékòó, á balẹ̀ láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì. Wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn lójú tèmi, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní irọ́ ni, pé Lọ́ńdọ̀nù lásán ń gba bíi mẹ́fà ààbọ̀. Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn ni pé màámi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, mi ò fẹ́ kó dàrú.

Àdùkẹ́ Masífà: Aládùúgbò yín ò parọ́ o. Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbà tó gbéra, aago Atlanta ni wọ́n fi kọ ìgbà tó balẹ̀. Lóṣù keje a fi wákàtí márùn-ún ṣáájú wọn (tó bá di ìgbà òtútù á di mẹ́fà, torí àwọn máa ń yí aago, àwa kì í yí tiwa). Tí màámi bá balẹ̀ láago márùn-ún ààbọ̀ yẹn, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ti lù nílé. Wákàtí méjìlá ààbọ̀ ni. Ọ̀nà ọ̀hún tó 9,400 kilómítà, Lọ́ńdọ̀nù ò ju bíi 5,000 lọ. Torí náà òkè ni wọ́n máa wà tí aago oògùn á fi pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, ẹ má dì í sínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Kí wọ́n má yí aago ọwọ́ wọn o, aago Nàìjíríà ni kí wọ́n fi lò ó, kẹ́ ẹ sì bi dókítà wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí wọ́n bá débẹ̀.

Bọ̀dá Àkẹ́sán: Àbúrò, tó o bá rí i pé ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ ò tó ìgbà tí wọ́n lọ má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́, tí bàálù bá ń lọ ó ń kọjú sí i, tó bá ń bọ̀ ó ń tì í lẹ́yìn, bíi wákàtí mọ́kànlá ló máa ń gbà. Sọ fún màámi kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n mumi dáadáa, kẹ́sẹ̀ má wú. Ọ̀nà Èkó gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi tí mo ti Ọ̀yọ́ lọ lọ́jọ́sí, tírélà ṣubú dínà, díẹ̀ ló kù kí bàálù fi mí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn l'Ékòó mọ́jú.

Ìyá Ìbejì: Àbí kí wọ́n gba Ìlọrin, kò jìnnà sí yín, bàálù àárọ̀ ibẹ̀ ò lò tó wákàtí kan dé Èkó, ara wọn á ti mọ òkè díẹ̀ kó tó dalẹ́.

Ọmọ Tákìé: Ẹ ṣé gan-an ni o, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màámi, wọ́n ní aago tí bàámi rà fún wọn ni wọ́n máa so mọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí i.