Kámẹ́rà ò rí nǹkan kan, àmọ́ inú ń run mí

Ẹ̀yin ará, tèmi rèé. Ọdún méjì gbáko ni inú fi ń dà mí láàmú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó fọnu tán, ìfun á ti máa kùn yùnmùyùnmù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó lè jáde nílé. Tó bá di Sátidé, inú á parọ́rọ́.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, wọ́n ti kámẹ́rà gba ìdí wọlé. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹkún ni mo sun, torí bí ẹni pé wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ló rí létí mi.

Dókítà mìíràn ló wá là á yé mi pé IBS (irritable bowel syndrome, àìsàn ìfun tó ń yọni lẹ́nu) ni. Ìfun ò lọ́gbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló dàrú. Ó ní ìfun àti ọpọlọ jọ máa ń sọ̀rọ̀ ni. Bí másùnmáwo bá ti wọ̀ ọ́, gáàsì lásán lè máa dunni bí ọ̀bẹ. Ó bi mí bóyá mo ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bóyá mò ń rù, bóyá ìrora ń jí mi lóru. Mo ní rárá. Ó ní ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà ibòmíì là bá gbà.

Ó kọ amitriptyline 10 mg fún mi, kí n máa lò ó lálẹ́. Mo ka ìwé inú páálí, mo rí i pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, inú bí mi, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìgbà tí mo padà lọ ló ní iṣan ìmọ̀lára ìfun ni ìwọ̀n kékeré yẹn ń tù lára. Ó máa ń gbẹ mí lẹ́nu, ó sì ń kun mí lóorun, àmọ́ mò ń lò ó. Ó tún ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdodo kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n mí sínú títí ikùn á fi gbé ọwọ́ náà sókè, kí n wá tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eré ọmọdé ni mo pè é.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Oúnjẹ ni tèmi. Ìlànà oúnjẹ FODMAP (àwọn ṣúgà inú oúnjẹ tí ìfun kì í fà mu dáadáa) ti Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ni wọ́n fún mi: kí n fi àlùbọ́sà, áyù, àlìkámà, wàrà àti ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo gbọ́n jù, oṣù méje ni mo fi sá fún gbogbo wọn! Mo rù kanlẹ̀, ẹ̀rù àwo oúnjẹ wá ń bà mí. Nígbà tí mo dá wọn padà, àlùbọ́sà nìkan ló jẹ̀bi.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé o. Àlùbọ́sà ò ṣe èmi ní nǹkan kan, ọjọ́ Ajé ló ń ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ láàárọ̀ òní.