Ìbà ni wọ́n ń jú, wọn kò san ìṣákọ́lẹ̀

Ẹ̀yin àgbà ìjíròrò, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín láti Ìkòròdú.

Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí lónìí tí mo rí i pé ẹni mẹ́fà ti fọwọ́ sí "àwo ìṣákọ́lẹ̀", inú mi ru. Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ní Ẹ̀pẹ́ ló béèrè orúkọ Yorùbá tí a lè fi pe "tribute album", àwo orin tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù máa ń ṣe fúnra wọn. Wọ́n á mú orin inú géèmù kan, oníkálukú á mú ọ̀kan, á tún un gbé kalẹ̀ bó ṣe wù ú, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwo kan, wọ́n á sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi yẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe orin náà sí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ọ̀kan lọ́wọ́, Yorùbá ni wọ́n sì fẹ́ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn pé "àwo ìṣákọ́lẹ̀ àtúntò orin eré amóhùnmáwòrán" ni kó máa pè é.

Ẹ̀gbọ́n, lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ kọ́ àwọn tó kọ́ mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, bí a bá sì jẹ́ kó lọ báyìí, inú ìwé ni a ó tún ti bá a lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọmọ á sì rò pé bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí wọ́n san án níṣojú rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀ta. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, yóò ṣa èyí tó tóbi nínú rẹ̀, yóò rọ epo sínú garawa kékeré, yóò sì gbé e lọ sílé onílẹ̀. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ka iṣu náà kó tó dì í lẹ́rù, nítorí bí ẹyọ kan bá dín, ọ̀rọ̀ á di ti àwọn àgbà. Kò bínú sí onílẹ̀, onílẹ̀ náà kò sì fojú di í. Ṣùgbọ́n n kò rí i kó rẹ́rìn-ín lọ́nà yẹn rí. Gbèsè ló ń san. Bí kò bá san án, oko lọ. Òun náà ló kọ́ mi pé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin kòkó, nítorí igi a máa sọ àlejò di onílẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ohun tí ọdún kan á gbé lọ, ìyẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

"Tribute", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àbúrò wa gbé wá, ní ojú méjì. Ojú kan ni owó tí ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ń san fún ọba tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ojú kejì ni ọ̀rọ̀ tàbí iṣẹ́ tí a fi ń yẹ́ ẹni sí. Ojú kìíní ni Ẹ̀gbọ́n tú. Ojú kejì ni ọmọ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Àgbádárìgì gbèjà ọ̀rọ̀ náà, ẹjọ́ rẹ̀ sì lágbára, n kò ní fojú rẹ́ ẹ. Ó ní orí ilẹ̀ ẹlòmíì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń dáko, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù ló ni orin. Ó mú OverClocked ReMix ṣe àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún orin géèmù gbé kalẹ̀, tí David Lloyd dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, tí àwo wọn àkọ́kọ́, ti géèmù Super Metroid, jáde ní 2003. Lọ́dún 2012, wọ́n fẹ́ kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí wọ́n lè tẹ àwo orin Final Fantasy VI. Square Enix tó ni géèmù náà dá ìkówójọ yẹn dúró. Ìgbà tí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ yanjú ni wọ́n tó rí i bá lọ, àwo náà sì jáde ní 2013 pẹ̀lú orin 74. Ẹ̀gbọ́n wá bi wá pé: "Ṣé ẹ rí onílẹ̀ báyìí?"

Mo rí onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni n kò rí. Ohun tí wọ́n tọrọ ni ìyọ̀ǹda, ìyọ̀ǹda náà ni wọ́n sì gbà. Ẹni tó tọrọ àyè kó tó jó ní àgbàlá olóyè, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó san owó ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún ayé ní orin náà, kò sí irè oko kankan tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà tí a ó ní onílẹ̀ ń retí ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ tún wo ti Capcom, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù Street Fighter. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ yìí kan náà ṣe àwo orin Street Fighter. Capcom gbọ́ ọ, Capcom fúnra rẹ̀ ló sì wá bá wọn pé kí wọ́n wá ṣe orin inú ẹ̀dà tuntun géèmù yẹn gan-an, èyí tó jáde ní 2008. Bàbá bàbá mi kò jẹ́ gbin obì, àwọn wọ̀nyí gbin igi, onílẹ̀ sì wá jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ wo ló ń rí bẹ́ẹ̀?

Onílẹ̀ pàápàá ńkọ́? Orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ géèmù Tetris inú ẹ̀rọ Game Boy ti 1989, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ni, ó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ará Rọ́ṣíà wo ni wọ́n gbé iṣu lọ bá?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ jìnnà. Nílé wa níbí, àwọn ọmọ tí ayé ń pè ní Ikorodu Bois fi wílíbárò àti ohun tó wà nínú ilé tún àwọn fíìmù ńláńlá òkèèrè ṣe, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, Netflix rí i, ní 2020 Netflix kó ohun èlò ìṣefíìmù ránṣẹ́ sí wọn. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dúró ní ìdíkọ̀ Ìkòròdú kó sọ fún àwọn ènìyàn pé ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ń san. Wọn ò ní mọ ohun tó ń sọ.

Ìbà ni. Àwo ìjúbà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀wé kọ. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti ẹlẹ́sà tàbí oníjàálá mọ̀ ọ́n: "Ìbà ni n ó fi òní jú, eré mi dọ̀la." Ìbà kò ní iye, a kì í kà á lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dì í. Kò sẹ́ni tí á gba oko lọ́wọ́ ẹni tí kò jú u. Ohùn ara ẹni la sì fi ń jú u: ẹni tó ń júbà bàbá rẹ̀ kì í sín bàbá rẹ̀ jẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àwo yìí gan-an nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, àmì ohùn. Àbúrò kan tó fara mọ́ èrò mi kọ ọ́ sí "àwo ibà". Dò dò ni ìbà. Re dò ni ibà, àìsàn sì ni. Bí a bá fẹ́ gbèjà èdè, ká má fi àìsàn gbèjà rẹ̀.

Ìyá wa kan ní Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ lánàá, ó ní kí n gbé e síta bí mo bá fẹ́. Ó ní ìbà ló ń ṣáájú eré, bí gbogbo àwo bá jẹ́ ìbà, eré dà? Ìbéèrè yẹn gba oorun lójú mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ẹni tó lóhùn bá ti lanu júbà, eré ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀kan ti dópin tí èkejì ti gbà á. Ìyá, mo mọ̀ pé kò tíì tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ mọ ewì jù mí lọ, ẹ kọ èsì síbí kí gbogbo wa rí i.

Àtúntò wá kù. "Tò" yẹn ni kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí. Ohun tí a ń tò ni àga, bíríkì, igi ìdáná, orúkọ àwọn olùdìbò. Ohun tí a tún tò, òun náà ló ṣì jẹ́, ipò rẹ̀ nìkan ló yí. Ẹ wá gbọ́ orin géèmù àtijọ́. Ẹ̀rọ Nintendo tó jáde ní Japan ní 1983 ní ohùn márùn-ún péré: méjì ń dún bíi fèrè, ọ̀kan ń dún wúwo nísàlẹ̀, ọ̀kan ń hó ṣàà bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìkarùn-ún ń sọ ègé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Inú márùn-ún yẹn ni Koji Kondo ti yọ orin Super Mario Bros. jáde ní 1985. Bí ẹnìkan bá gbé e fún gìtá, dùrù, fèrè àti agbo akọrin, kí ló tò? Ọmọdé ló lu orin kan sórí agolo, tí ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsaájú, kànnàngó àti gúdúgúdú wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà. Orin géèmù kì í parí. Ó ń yí po ni, bó bá dé ìparí á tún padà síbẹ̀rẹ̀, títí ọmọ tó ń gbá géèmù fi kú nínú géèmù náà tàbí tó fi yege. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe àwo ní láti wá ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé àti èyí tí yóò gbà jáde. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, "tò" kò sì lápá tó lè fi gbé e.

Àtúnlù ni mo fara mọ́. Wọ́n ti ta kò mí pé a kì í lu gìtá, títa la ń ta á, a ń fọn fèrè, a ń tẹ dùrù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "ìlù abẹ́ orin yẹn dùn", ta ló ń yọ gìtá kúrò nínú rẹ̀? Bí rédíò bá gbé orin Haruna Ishola sáfẹ́fẹ́, ìyá mi á ní ìlù àpàlà yìí ń wọ òun lára, àgídìgbo ló sì ń sọ, ìka la sì fi ń ta àgídìgbo. Òwe wa gan-an jẹ́rìí sí i: "Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo." Lílù ni òwe wí. Mo mọ ẹni tí yóò kọ̀wé kí ilẹ̀ tó ṣú pé ògìdìgbó ló wà nínú òwe yẹn, pé ìlù tó yàtọ̀ ni, pé àwa ará Ìkòròdú la bà á jẹ́. Ọdún mẹ́ta la ti ń fà á. Lẹ́nu ìyá mi, lẹ́nu ìyá tó bí i, àgídìgbo ni. Kó mú ẹnu àgbà tirẹ̀ náà wá, kó má mú ìwé wá.

Lórí "eré amóhùnmáwòrán", n kò ní pẹ́. Eré orí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti Ìpàkodò dé Òdógunyàn, géèmù ni ọmọ ń sọ, géèmù ni bàbá rẹ̀ náà ń sọ bó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ti gbà, kí la fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́, "Àwo ìjúbà: àtúnlù orin géèmù" ni kí o kọ. Fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe orin kọ̀ọ̀kan ṣáájú tìrẹ, ìbà nìyẹn. Kí o sì má gbàgbé àmì orí "àwo", dò re ni. Bí o bá fi í sílẹ̀ láìkọ àmì, "awo" ni àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ yóò kà, wọ́n á sì ní ẹjọ́ láti bi ọ́.