Bí a ṣe ń mú kí bátìrì kún nínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín ṣáájú mi lórí bí ẹ ṣe ń mú bátìrì ọkọ̀ yín kún tẹnu mọ́ sọ́là gan-an, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: kò sí ìṣòro nínú kí bátìrì gba iná, kí ó kún tán ni iṣẹ́.

Ọkọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí odò Lea, tí ìbú wọn kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. A kò ní ibùdó tiwa, nítorí náà òfin ọdún 1995 tó wà fún àwọn ọkọ̀ ojú omi (British Waterways Act) de àwa náà, a kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ lójú kan. Bí a bá kúrò ní Hackney, a ó gba Tottenham lọ, ibi tí a sì sábà máa ń so ọkọ̀ mọ́ kò ní iná létí omi. Fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, gílóòbù àti fóònù, inú bátìrì mẹ́rin ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Bátìrì olójé àti ásíìdì ni wọ́n, 110 áńpù-wákàtí (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóòtì 12 ni wọ́n sì ń gbé jáde.

Ẹni tó bá ti lo ìnfátà ní Èkó tàbí Ìbàdàn yóò ti mọ ohun tó ń pa irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá ń jáde, ásíìdì a máa lẹ̀ mọ́ òjé, a sì di ohun funfun kan tí à ń pè ní sọ́fẹ́ètì. Bí a bá tètè fi iná sí i títí tó fi kún, sọ́fẹ́ètì náà á tú padà sínú omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100 ni a ń dá a dúró sí lójoojúmọ́, èyí tó ṣẹ́kù lára òjé á le gbagidi, kò sì ní tú mọ́. Bí bátìrì tuntun ṣe ń di aláìlágbára nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó nílòkulò.

Fóòtì tí à ń kà nígbà tí íńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Míta á fi 14.4 hàn, ṣùgbọ́n agbára tí àlìtánétọ̀, ẹ̀rọ tí íńjìnnì ń yí tó ń pèsè iná, fi ń ti iná wọlé ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó wà nínú bátìrì. Aládùúgbò wa kan, bàbá àgbàlagbà tí wọ́n ti ń gbé lórí omi tipẹ́, ra bátìrì tuntun nígbà ìwọ́wé, wọ́n sì ń tan íńjìnnì fún wákàtí kan láràárọ̀. Kí òtútù tó lọ, iná wọn kì í dé ọ̀gànjọ́ mọ́. Mo bá wọn ṣí ìdérí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn bátìrì náà, mo sì fi ìgò olórí rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì fa omi inú rẹ̀. Ohun tó léfòó nínú ìgò náà, tó ń sọ bí ásíìdì ṣe wúwo ju omi lásán lọ (1.00 ni ti omi lásán), kò fi ju 1.20 hàn, bẹ́ẹ̀ bátìrì tó kún yẹ kó sún mọ́ 1.27. Nínú ihò kan, omi ti lọ sílẹ̀ débi pé òjé yọ síta.

Áńpù, ìyẹn bí iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, ni kí ẹ máa wò. Bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ á máa gba 60 áńpù láìjanpata, ṣùgbọ́n bí ẹni ń rọ epo sínú ìgò ni, tó bá ti dé ọrùn, ó di díẹ̀díẹ̀. Fún tiwa, bí fóòtì bá wà ní 14.4, tí áńpù já wálẹ̀ sí 5 tàbí 6 tó sì dúró síbẹ̀, mo gbà pé ó ti kún. Ìdá 20 tó kẹ́yìn yìí lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí bí íńjìnnì ṣe lè tóbi tó tí yóò mú un yá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tan íńjìnnì tiwa ní òwúrọ̀, ní kété tí aago 8 bá ti lù tí a kò ní dí aládùúgbò lọ́wọ́, tí mo sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún sọ́là ní ọ̀sán. Ẹni tó bá fi íńjìnnì sí ìrọ̀lẹ́, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń jó lórí iṣẹ́ tí oòrùn ìbá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sọ́là nìkan tó wa. Ní oṣù Kejìlá, tí ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 8 lọ, ohun tó ń mú wá kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oṣù Kẹfà. Lásìkò náà, mo máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí íńjìnnì yóò ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán; bó bá bọ́ sí ọjọ́ tí a ń ṣí kúrò, ó dára jù, nítorí bí a ṣe ń rìn ni bátìrì ń kún.

Wọ́n ti ń gbà mí níyànjú pé kí n ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé kò nílò kó kún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju òdo lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì lè fa iná débi tí àlìtánétọ̀ á gbóná jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó nínú ọkọ̀ ní oṣù Kìíní, ẹ jọ̀wọ́, apá ibo nínú ọkọ̀ ni ẹ gbé e sí, kí ni ẹ sì fi sáàárín òun àti àlìtánétọ̀?