Ọdún 1993 nínú rápù Amẹ́ríkà: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Gbọ́rinGbọ́rin

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Látàná ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kò sí ọdún tí rápù dùn tó 1993, mo ní 1994 ńkọ́, ọdún tí Nas gbé Illmatic jáde tí Biggie náà gbé Ready to Die jáde, ṣé ìyẹn kéré ni? Ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni pé wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, Kendrick àti àwọn ọmọ drill ni mo bá dàgbà. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ náà ṣojú yín, kí ló wà nínú ọdún yẹn? Ẹ má kàn kó orúkọ álúbọ́ọ̀mù ogún dà sí mi lórí o, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n_Flatbush

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́ o. Brooklyn ni mo wà lọ́dún náà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, tí mo bá sì ti jáde láàárọ̀ Túsìdeè ilé ìtajà kásẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń yà sí kí n tó lọ sùn, torí Túsìdeè ni orin tuntun máa ń jáde nígbà yẹn. November 9 bọ́ sí Túsìdeè. Ọjọ́ yẹn náà ni Wu-Tang Clan gbé Enter the Wu-Tang jáde, ọjọ́ yẹn náà ni A Tribe Called Quest gbé Midnight Marauders jáde, New York làwọn méjèèjì sì ti wá! Ti Tribe mọ́ tónítóní, báàsì ẹ̀ ń rọra rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì kó ojú àwọn èèyàn inú hip-hop jọ rẹpẹtẹ sára èèpo ẹ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin mo ń ka ojú lọ títí mo fi ré ibi tó yẹ kí n sọ̀ kọjá. Ti Wu-Tang wá rí gbákagbàka, ìlù ń fọ́ èèyàn létí, ohùn fíìmù kung fu ń já lu orin, ọkùnrin mẹ́sàn-án ń gba ẹnu ara wọn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, kì í ṣe orin nìkan ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí 1993, kọńtíráàtì tí RZA, olórí Wu-Tang, bá léébù Loud (ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde) ṣe ni. RZA àti GZA tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà ti gba kọńtíráàtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, RZA ní Tommy Boy, GZA ní Cold Chillin', kò yọrí sí nǹkan kan fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá kóra jọ, wọ́n fowó ara wọn tẹ "Protect Ya Neck" jáde, orin yẹn gbilẹ̀, àwọn léébù bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. RZA ní ó dáa, ẹ lè gba ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ ta orin tiẹ̀ síbi tó bá wù ú. Loud gbà. Bí Method Man ṣe lọ sí Def Jam nìyẹn, Ol' Dirty Bastard lọ sí Elektra, GZA lọ sí Geffen, Raekwon ní tiẹ̀ dúró sí Loud. Ìwọ wò ó o, léébù mẹ́rin tó ń bára wọn jà lọ́jà, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń náwó polówó. Ta ló ṣe irú ẹ̀ rí nínú rápù?

Kásẹ́ẹ̀tìLọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun, àmọ́ New York nìkan lẹ̀ ń wí ṣá, ṣé California ò sí nínú máàpù yín ni? 😂 Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Túsìdeè yín yẹn, November 23, Snoop gbé Doggystyle jáde, ó lé ní 800,000 tó tà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ipò kìíní ló wọ̀ tààrà lórí Billboard, ìwé ìròyìn tó ń to orin sípò bó ṣe ń tà, álúbọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ ṣe láyé ẹ̀ o! Ipò 41 ni Wu-Tang kọ́kọ́ wọ̀, ẹ má bínú.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí àbúrò mọ̀ ni pé títí wọ 1991, tí Billboard bá fẹ́ mọ èyí tó ń tà, wọ́n á kàn pe àwọn ilé ìtajà lórí fóònù, wọ́n á ní kí ló tà lọ́sẹ̀ yìí, onítọ̀hún á sì sọ ohun tó bá wà lọ́kàn ẹ̀, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ìgbà tí SoundScan dé tó jẹ́ bákóòdù ara ọjà ni wọ́n ń kà, àṣírí tú. Rápù ti ń tà tipẹ́, wọn ò kàn kà á dáadáa ni. Nígbà tó fi máa di 1993 Cypress Hill gbé Black Sunday jáde ní July, òun náà wọ ipò kìíní tààrà. Tó bá jẹ́ èyí tó tutù lo fẹ́, lọ gbọ́ 93 'til Infinity ti Souls of Mischief, àwọn ọmọ Oakland, ìgbádùn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Bíìtì

Èmi tí mo ń ṣe bíìtì, ohun tó wù mí nínú ọdún yẹn ni bó ṣe ń dún. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń gé orin sílẹ̀ ṣe bíìtì, SP-1200, ti ilé-iṣẹ́ E-mu, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ló lè gbà sílẹ̀ lápapọ̀, mẹ́wàá! Ìlù ẹ, báàsì ẹ, fèrè ẹ, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù tó yẹ kó máa yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á fi í sí 45 kó sáré kọjá kó má gba àyè, tó bá ti wọnú ẹ̀rọ tán wọ́n á wá fà á wálẹ̀ padà. Níbi tí wọ́n ti ń fà á yẹn ló ti máa ń hó díẹ̀díẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, ohun táwa náà ń fi kọ̀ǹpútà wá kiri lónìí nìyẹn, a tún ń fowó ra ayédèrú ẹ̀. Gbọ́ Enta da Stage ti Black Moon, October 1993, wọ́n ti fọ gbogbo ohùn òkè kúrò lára báàsì yẹn, ó kàn ń kùn lábẹ́ ni.

Ohun míì tún ni pé lópin 1991 adájọ́ kan ní New York ti dá Biz Markie, olórin rápù, lẹ́bi torí orin Gilbert O'Sullivan tó mú láìgbàṣẹ. Látìgbà yẹn, o fẹ́ gé orin olórin, sanwó ná. De La Soul, ẹgbẹ́ rápù kan, wá pe Maceo Parker fúnra ẹ̀ wá fọn sákísófóònù nínú Buhloone Mindstate, álúbọ́ọ̀mù wọn ti 1993, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn orin tí wọ́n gé ò tíì tán nílẹ̀, March 2023 ni àwọn álúbọ́ọ̀mù wọn tó ti pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí Spotify.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ kú ẹnu o, ẹ ka gbogbo ayé tán, ẹ ò dárúkọ obìnrin kan. Queen Latifah ńkọ́? Black Reign, November kan náà tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú jàǹbá alùpùpù lọ́dún tó ṣáájú ni, òun ló fi álúbọ́ọ̀mù náà rántí. "U.N.I.T.Y." wà nínú ẹ̀, níbi tó ti dójú kọ àwọn tó ń pe obìnrin ní orúkọ burúkú, ó sì gba Grammy. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tẹ̀lé Doggystyle lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ojú tì yín díẹ̀. Mi ò ní Snoop ò mọ orin kọ o, mo mọ gbogbo ẹ̀ lórí, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Salt-N-Pepa náà ṣe Very Necessary lọ́dún yẹn, gbogbo àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ la jó o.

Gbọ́rinGbọ́rin

Háà, ẹ ṣeun gan-an ni. Màmá, ẹ gún mi lọ́bẹ 😂 mi ò tíì gbọ́ Latifah rí ju inú fíìmù lọ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Flatbush, Illmatic ńkọ́ o? Ẹ ò dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n_Flatbush

Illmatic, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀? Inú 1992 sí 1993 ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Q-Tip ti Tribe ló ṣe bíìtì "One Love" tó wà nínú ẹ̀. April 1994 ló kàn jáde, ọ̀rẹ́ ẹ lè gba ìyẹn náà mọ́ ẹ lọ́wọ́ tó bá gbọ́n.

Bẹ̀rẹ̀ lórí Midnight Marauders, fetí sí Phife, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Tribe. Alátọ̀gbẹ ni, ó sì ń fi àìsàn náà yangàn nínú "Oh My God" bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Àtọ̀gbẹ yẹn ló padà pa á ní March 2016, ọmọ ọdún 45. Tó o bá gbọ́ ọ tán, kó o wá lọ sí Wu-Tang, lẹ́yìn náà èyí tí màmá wí. Má fi spíkà fóònù gbọ́ ọ o, o ò ní gbọ́ báàsì kankan.